Ta ni ó ni ìmọ̀ Gustav Hertz?

Gustav Hertz, onímọ̀ físíìsì tí wọ́n bí ní Hamburg, Jámánì, ní 1887, fi iṣẹ́ rẹ̀ gbé ìbéèrè kan dìde: ta ni ó ni ìmọ̀, ẹni tí ó wá a rí ni àbí ẹni tí ó sanwó?

Ní 1914, òun àti James Franck ta ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù gba inú mẹ́kúrì tí wọ́n ti fi iná sọ di gáàsì. Bí iná mànàmáná bá ti dé fóólítì 4.9, ìṣàn rẹ̀ á já wálẹ̀ lójijì, nítorí átọ̀mù mẹ́kúrì kì í gba agbára ní kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, àfi bó bá pé ìwọ̀n kan pàtó. Irú ìkọlù ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù àti átọ̀mù mẹ́kúrì bẹ́ẹ̀ náà ló ń mú gílóòbù gígùn funfun tàn ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn méjèèjì ni wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ti 1925.

Hertz ṣiṣẹ́ ní Philips, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Halle àti Berlin. Ìjọba Hitler gba ipò ọ̀jọ̀gbọ́n ti Berlin lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé ìran Júù wà ní ìdílé bàbá rẹ̀. Siemens gbà á síṣẹ́. Lẹ́yìn ogun, ó lọ sí Soviet Union. Ọgbọ́n tó fi ya oríṣi gáàsì neon sọ́tọ̀ ní Berlin kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ní Soviet Union, yúréníọ́ọ̀mù fún bọ́ǹbù ló kàn láti yà sọ́tọ̀. Ẹ̀bùn Stalin tẹ̀ lé e ní 1951.

Ẹni tó sanwó lè ni ẹ̀rọ àti yàrá iṣẹ́. Ṣùgbọ́n lójú Yorùbá, ìwà la fi ń mọ ọmọlúàbí, owó oṣù kò sì lè gba ẹjọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ẹni rò. Hertz padà sí Jámánì, ní Leipzig, ní 1954, ó fẹ̀yìntì ní 1961, ó sì kú ní 1975.