Ìhà Tí A Ti Wò Ó

Bí iná mànàmáná bá kú ní Ire-Akárí ní Ìsọlọ̀, tí òjò sì dá, àwa a máa gbójú sókè wo ìràwọ̀. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ Èkó pọ̀ jù. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí ọ̀já funfun tí ó na ọ̀run já, kí ó lọ sí oko. Ọ̀já náà ni agbo ìràwọ̀ tiwa, tí ó tẹ́ pẹlẹbẹ bí àwo. Inú àwo náà ni ayé wa wà, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nìkan ni a ń rí.

Àwọn agbo mìíràn wà lókèèrè tí wọ́n kọ ẹ̀gbẹ́ sí wa bákan náà. Ní 1785 William Herschel rí ọ̀kan, èyí tí à ń pè ní NGC 4565 lónìí. Ó tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, ìlà eruku dúdú sì là á láàárín. Ẹni tí ó wò ó lè búra pé ọ̀pá ni; àwo sì ni. Ìkúùkù gáàsì ńlá tí ń yí ni irú àwo bẹ́ẹ̀ ti wá: ìwúwo rẹ̀ fà á jọ, ṣùgbọ́n yíyí rẹ̀ kò jẹ́ kí ó wó sí àárín gbùngbùn, ó rọlẹ̀ láti òkè àti láti ìsàlẹ̀, ó tẹ́, a sì bí ìràwọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹni tí ó wò ó ní iwájú a rí apá rẹ̀ tí ó ká bí ìkarahun ìgbín, ṣùgbọ́n kì í rí bí ó ti nípọn tó. Ẹni tí ó wò ó ní ẹ̀gbẹ́ rí ìnípọn, ó pàdánù apá. Ní 1983 Gerard Gilmore àti Neil Reid fi hàn pé agbo tiwa ní àwo kejì tí ó nípọn ju ti ìṣáájú lọ, tí ó kún fún àwọn ìràwọ̀ àgbà. Ní 2018 àwọn onímọ̀ tún sọ pé agbo mìíràn ti ya lu tiwa ní nǹkan bíi bílíọ̀nù ọdún 10 sẹ́yìn, ó sì tú àwọn ìràwọ̀ àtijọ́ ká. Àpá ìjà náà kò tíì parẹ́.

Ǹjẹ́ ẹni tí kò lè kúrò lójú kan lè dá ẹjọ́ òdodo bí? Àwọn àgbà wí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ni. Ó ti bá wa rí. Onílé kan àti ayálégbé rẹ̀ ń jà ní àdúgbò wa. A gbọ́ ti onílé, a bá ayálégbé wí. Kí a tó gbọ́ tirẹ̀, ó ti kó ẹrù rẹ̀ lọ. Títí di òní a kò mọ̀ bóyá a ṣì í dá.

Ẹnìkan yóò wí pé, bí a bá ń dúró de gbogbo ìhà, ta ni yóò gba ẹni tí a ń ni lára sílẹ̀? Òtítọ́ ni. Onímọ̀ ìràwọ̀ pàápàá kò lè rìn yí NGC 4565 ká láéláé. Ṣùgbọ́n ó ń fi í wé àwọn tí ó kọjú sí wa àti àwọn tí ó dagun. Lẹ́yìn náà ó sọ ohun tí ó rí, ó sì sọ ìhà tí òun ti rí i. Èyí wà ní agbára wa pẹ̀lú. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Kí onídàájọ́ máa sọ ọ̀nà tí òun gbà wọlé, kí ó sì fi ìlẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí fún ẹni tí ń bọ̀ láti ọ̀nà kejì.