Ìgbátí Yí Òrùlé Ká



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ní oṣù yìí wà nínú Ìwé Deuteronomi, orí 22, ẹsẹ 8. Níbẹ̀ ni Mose ti pàṣẹ fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì pé ẹni tí ó bá kọ́ ilé titun kò gbọdọ̀ ṣàìmọ ìgbátí yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹ̀bi ẹ̀jẹ̀ má baà wá sórí ilé náà bí ẹnìkan bá ti ibẹ̀ ṣubú. Òrùlé àwọn ará ìgbà náà tẹ́jú pẹrẹsẹ. Orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń sá nǹkan oko, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń gba afẹ́fẹ́ ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ kíyèsí i pé òfin yìí kò dúró de ìgbà tí ọmọ ẹnìkan yóò ṣubú. Ìgbà tí a bá ń kọ́ ilé ni a ó mọ ìgbátí. Ẹ kíyèsí i pẹ̀lú pé àwọn ènìyàn tí a fún ní òfin náà ni àwọn tí ọ̀wọ̀n àwọsánmà ń ṣáájú lọ́sàn-án, tí ọ̀wọ̀n iná sì ń tàn fún lóru. Bí ó bá ṣe pé ẹni tí Ọlọ́run ń ṣọ́ kò nílò ìgbátí, àwọn ni ìbá kọ́kọ́ wí bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ó mú wa sọ èyí ni ìdáhùn tí a ń gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ òbí ní Kétu, ní Ìkòsí àti ní Mile 12, nígbà tí tíṣà bá bi wọ́n léèrè pé, "Bí ewu bá dé lọ́sàn-án, ta ni yóò wá mú ọmọ yìí lọ sílé?" Wọn a ní, "Ewu kò ní dé ní orúkọ Jésù. Àwọn áńgẹ́lì ń bẹ pẹ̀lú rẹ̀." Àwa náà ń ṣe Àmín sí i. Ṣùgbọ́n tíṣà kò tíì rí ìdáhùn gbà. Orúkọ ènìyàn ni ó bèèrè.

Orin Dáfídì 91 ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ áńgẹ́lì yìí lé, Orin tí gbogbo wa fẹ́ràn. Ẹ má ṣe gbàgbé ẹni tí ó fi ẹsẹ kan náà dán Olúwa wa wò. Ní ṣóńṣó tẹ́ḿpìlì, níbi gíga tí kò sí ìgbátí, ni olùdánniwò ti ní kí Ó fò sílẹ̀, kí àwọn áńgẹ́lì wá gbé E. Jésù kò jiyàn pé ìlérí náà kì í ṣe òtítọ́. Ó kọ̀ láti fò, Ó sì pe irú fífò bẹ́ẹ̀ ní dídán Ọlọ́run wò. Nehemiah pẹ̀lú, nígbà tí àwọn ọ̀tá dojú kọ ọ́, gbàdúrà, ó sì yan ìṣọ́ lọ́sàn-án àti lóru. Àwa fúnra wa ń gbàdúrà ìrọ̀lẹ́ pé kí Ọlọ́run pa wá mọ́ kúrò nínú ewu òru; nígbà tí a bá sì ṣe Àmín tán, a ó dìde lọ ti ilẹ̀kùn. Kò sí ẹni tí ó tíì pe ìlẹ̀kùn títì ní àìgbàgbọ́.

Èkó ti rí ohun tí àìní ìgbátí ń fà. Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wó lulẹ̀ ní Ìta Fájì ní Erékùṣù Èkó. Ilé gbígbé ni, ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé wà lókè rẹ̀, àwọn ọmọ sì wà nínú kíláàsì ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Ènìyàn 20 ni ìjọba kéde pé wọ́n kú. A ti sàmì sí ilé náà tẹ́lẹ̀ pé wíwó ni kí a wó o. Ìkìlọ̀ kò ṣàìsí. Ẹni tí yóò tẹ̀lé e ni kò sí.

Ní Kòṣòfẹ́ tiwa, omi ni ewu tí ó mọ ọ̀nà ilé wa jù. Odò Ògùn gba Abẹ́òkúta àti Ìṣẹ́rí kọjá kí ó tó dé ọ̀sà ní agbègbè Àgbòyí. Odò Ọ̀yán ń ṣàn sínú rẹ̀, lórí Ọ̀yán yìí ni ìjọba sì mọ ìsédò ńlá sí, èyí tí a ṣí ní ọdún 1983. Nígbà tí òjò bá pọ̀jù, àwọn alábòójútó a máa tú omi sílẹ̀ níbẹ̀, omi náà a sì wá bá wa. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní oṣù Kẹwàá ọdún 2010, tí omi bo Ajégúnlẹ̀ ní ojú ọ̀nà Ìkòròdú, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdílé fi ilé wọn sílẹ̀. Ó sì ti padà wá lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n omi yìí kì í wá bí olè. Ìjọba a máa kéde rẹ̀, odò a sì máa wú díẹ̀díẹ̀. Oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá ni àkókò rẹ̀, èyí nì, ìgbà tí àwọn ọmọ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sí kíláàsì titun. Ilẹ̀ gbígbẹ ni Noa dúró sí nígbà tí ó ń kan ọkọ̀. Àwa a máa dúró títí omi yóò fi kan orókún kí a tó máa wá ibi tí ìwé ọmọ wà.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan wá láti òkèèrè, nítorí omi ni òun náà. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2011, ilẹ̀ mì tìtì ní Jàpáànì, òkun sì dìde bo etíkun. Ní ìlú Kamaishi, a ti kọ́ àwọn ọmọ pẹ́ ní ọ̀nà tí wọn yóò gbà sá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà kò dúró. Wọ́n sáré gba orí òkè lọ. Àwọn ọmọ kékeré ti ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà nítòsí ti gun àjà òkè ilé wọn tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n rí àwọn ẹ̀gbọ́n wọ̀nyí tí ń sáré, àwọn náà jáde tẹ̀lé wọn. Àwọn tí ó dé orí òkè yè. Ní ilé-ẹ̀kọ́ Okawa ní ọjọ́ kan náà, àwọn olùkọ́ kó àwọn ọmọ jọ sí pápá fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 50, wọ́n ń gbìmọ̀ ibi tí wọn yóò gbà. Òkè sì wà lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ọmọ 74 nínú 108 ni omi gbé lọ, pẹ̀lú olùkọ́ 10. Nígbà tí àwọn òbí pe ẹjọ́, ilé-ẹjọ́ gíga ní Sendai wí ní ọdún 2018 pé ẹ̀bi náà ti wà kí omi tó dé, nítorí ìwé ètò ilé-ẹ̀kọ́ náà kò dárúkọ ibi pàtó kan tí a ó sá lọ. A kò rò pé àwọn olùkọ́ wọ̀nyí kò fẹ́ràn àwọn ọmọ náà. Ìfẹ́ wà, ètò ni kò sí.

Omi nìkan kọ́ ni ewu. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì ọdún 2016, àwọn agbébọn jí ọmọbìnrin mẹ́ta gbé ní Babington Macaulay Junior Seminary ní Ìkòròdú, ilé-ẹ̀kọ́ ti ìjọ Áńgílíkà wa. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé a gbà wọ́n padà láàyè ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta. Láàrin ọ̀sẹ̀ kan náà ni ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Mile 12. Ẹ̀mí ṣòfò, dúkìá sì bàjẹ́, títí Gómìnà Akínwùnmí Ambọ̀dé fi ti ọjà náà pa. Ẹ wò bí ewu méjèèjì ti yàtọ̀ sí ara wọn. Nínú ọ̀kan, a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí àjèjì fọwọ́ kan ọmọ. Nínú èkejì, a ń wá ẹni tí yóò tètè mú ọmọ kúrò ní ojú ọ̀nà ìjà. Ìwé kan ṣoṣo ni ó lè ran tíṣà lọ́wọ́ nínú méjèèjì: ìwé tí òbí kọ orúkọ ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta sí, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù wọn, pé àwọn wọ̀nyí nìkan ni kí a fi ọmọ lé lọ́wọ́. Ìyá tí ń tajà ní Mile 12 kò lè fi ara rẹ̀ nìkan sínú ìwé náà, nítorí bí ọjà bá dàrú, òun gan-an ni kò ní rí ọ̀nà jáde. Kí ó kọ orúkọ aládùúgbò tí kì í lọ sí ọjà.

Ẹ̀yin òbí, ẹ bi ọmọ yín léèrè ní alẹ́ òní pé kí ni orúkọ baba rẹ̀ ní kíkún. Ẹ ó rí i pé "Dádì" ni ọ̀pọ̀ yóò dáhùn. Kí ó mọ orúkọ náà, kí ó mọ òpópónà ilé, kí ó sì mọ nọ́ńbà kan sórí, nítorí fóònù inú àpò a máa sọnù nígbà tí ènìyàn bá ń sá. Kí ó mọ̀ pẹ̀lú pé 112 tàbí 767 ni a ń pè ní Èkó nígbà ewu. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń ti Àgbòyí wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí ilé-ẹ̀kọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó wọ̀ ọ́ láìsí ẹ̀wù tí ń mú ènìyàn léfòó, bí atukọ̀ tilẹ̀ ń kánjú.

Ẹ̀yin tíṣà, ìgbátí yìí wà ní ọwọ́ yín ju ọwọ́ ẹnikẹ́ni lọ. Ẹ yan ibi kan tí gbogbo ọmọ yóò péjọ sí, kí ó jẹ́ ilẹ̀ gíga, tí ó jìnnà sí ògiri àti wáyà iná; kí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi pàápàá lè fi ìka nà án. Kí olúkúlùkù tíṣà mú ìwé ìforúkọsílẹ̀ lọ́wọ́ jáde, kí ó sì pe orúkọ níbẹ̀, nítorí ọmọ tí a kò pè ni a kì í mọ̀ pé ó kù nínú ilé. Ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ púpọ̀ ní agbègbè wa jẹ́ ẹyọ kan, ọwọ́ ẹnìkan ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì máa ń wà, ẹni náà a sì máa lọ jẹun lọ́sàn-án. Kí ènìyàn mìíràn ní kọ́kọ́rọ́ kejì. Ẹ fi jíjáde náà ṣe ìdánrawò ní táámù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ṣe é nígbà kan tí òjò ń rọ̀, kí ẹ lè mọ ibi tí omi ti ń dí ọ̀nà. Bí ọmọ tí kò lè rìn bá wà nínú kíláàsì yín, ẹ dárúkọ ẹni tí yóò gbé e, kí ẹni náà sì gbé e wò ní ọjọ́ ìdánrawò, láti orí ìjókòó rẹ̀ títí dé ibi ìpéjọ.