Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ. Arọ ò lè sá eré àsápajúdé, àmọ́ ẹni tó ti gbọ́ ṣáájú á ti tètè gbéra.

Òwe yìí ló ń sọ sí mi lọ́kàn bí mo bá rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń sáré ní ìdájí n'Ìṣẹrì Olówóra, kí dánfó tó gba títì. Iṣẹ́ sójà ni wọ́n ń lé. Ọkùnrin gbọ́dọ̀ ga tó mítà 1.68, obìnrin 1.65, ìyẹn ò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹsẹ̀ àti èémí ló ṣeé tún ṣe. Bí oṣù mẹ́fà ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Depot, ibùdó tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn sójà tuntun ní Zaria, ọyẹ́ ibẹ̀ kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ t'Èkó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má kánjú. Ẹni tó jókòó lọ́dún gbáko, tó wá fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ kan sáré gbogbo rẹ̀, egungun ojúgun rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ ké. Ẹ rìn kíákíá, ẹ sáré díẹ̀, ẹ sinmi, kẹ́ ẹ tó fi kún un. Ẹ jẹ́ kí bàtà ti mọ́ yín lẹ́sẹ̀ láti ilé.

Ọ̀fẹ́ sì ni fọ́ọ̀mù iṣẹ́ sójà o. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ sanwó rẹ̀, gbájúẹ̀ ni.