Ìwúre fún Ẹni tó ń Tẹ̀ Lé Olùkọ́ Rere

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ ká wúre.

Ọlọ́run Bàbá wa, ọ̀rọ̀ olùkọ́ la gbé wá síwájú Rẹ lónìí. Fún wa ní ẹni tí yóò kọ́ wa bí Ọmọ Rẹ ṣe kọ́ Pétérù.

Nígbà tí Pétérù ń rì lójú òkun Gálílì, Jésù kò dúró lókèèrè kó máa wàásù fún un. Ọwọ́ ló kọ́kọ́ nà sí i. Ìgbà tó dì í mú tán ló tó bi í pé kí ló dé tó fi ṣiyèméjì. Àwọn àgbà wa ní bí a bá fi ọwọ́ kan na ọmọ, ká fi ìkejì fà á mọ́ra. Jésù fà á mọ́ra ná. Lẹ́yìn àjíǹde, létí òkun Tìbéríà, ọkùnrin yìí ti sẹ́ Olúwa rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, àmọ́ iná ẹ̀yín ló bá nílẹ̀, pẹ̀lú ẹja àti búrẹ́dì. Wọ́n jẹun tán kí ìbéèrè tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Olúwa bi í bóyá ó fẹ́ràn òun, ó sì dùn ún gan-an. (Ká ní èmi ni, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ǹ bá bi í, kí oúnjẹ má bàa korò mọ́ ọn lẹ́nu.) Ẹni tí ìbéèrè yẹn dùn náà la fa àgùntàn lé lọ́wọ́.

Olúwa, irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ni kí O fún wa. Kí ọwọ́ rẹ̀ kàn wá kí ohùn rẹ̀ tó le sí wa. Àmín. Kó mọ̀ pé ebi ń pa wá, kó sì má torí pé ó bọ́ wa gbé ìbéèrè náà mì. Àmín. Lọ́jọ́ tí àwọn èèyàn bá kó òkúta dání dè wá, kó kọ́kọ́ tú wọn ká. Nígbà tó bá wá ku àwa àti òun, kó sọ òótọ́ ẹ̀ṣẹ̀ wa fún wa. Àmín.

Jésù Olúwa, Máàkù kọ ọ́ pé O wo ọlọ́rọ̀ kan, O fẹ́ràn rẹ̀, lẹ́yìn náà lo ní kó ta gbogbo ohun tó ní, kó sì fún àwọn tálákà. Ọlọ́rọ̀ náà fi ìbànújẹ́ lọ. O kò sáré tẹ̀ lé e pé kó wá ta ìdajì. Olùkọ́ tó ń wo àpò ọmọ ìjọ kó tó mọ ohun tí yóò bá a sọ, ọ̀nà wa kò ní pàdé. Àmín. Èyí tó jẹ́ pé igbe nìkan ló mọ̀, tó ń dójú ti ọmọ ọlọ́mọ láàárín èrò tó sì ń pè é ní ìtara, gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀. Àmín.

Àwa tí à ń tẹ̀ lé ńkọ́? Olùkọ́ tó le la máa ń fẹ́ fún aládùúgbò, aláàánú la fẹ́ fún ara wa. Olúwa, tún èrò wa ṣe. Àmín.

Rántí àwọn olùkọ́ fúnra wọn. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ títì ni ajíhìnrere Joseph Ayọ̀ Babalọlá ń wà lọ́dún 1928, nígbà tí ìpè kàn án lọ́nà Iléṣà sí Àkúrẹ́. Ẹni tó gbọ́ ohùn Ọlọ́run báyìí ṣì tẹrí ba fún àwọn àgbà ìjọ Faith Tabernacle, tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un nínú ọ̀sà Èkó lọ́dún 1929. Lọ́dún 1930, èrò ya bò ó ní Òkè-Ooye ní Iléṣà. Ó gbàdúrà fún àwọn aláìsàn, ó sì ní kí wọ́n kọ òrìṣà àti oògùn wọn sílẹ̀. Kí àwọn tó ń kọ́ wa náà ní ẹni tí wọ́n ń tẹrí ba fún. Àmín.

Ẹ̀yin tí olùkọ́ yín bá wí lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí inú ṣì ń bí yín, kí Olúwa tu ọkàn yín lára. Àmín. Bó bá jẹ́ ẹni tó ti dì yín mú rí lọ́jọ́ tí ẹ ń rì, ẹ má tíì kó kúrò níbẹ̀. Ẹ lọ kí i lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀.