Àgbò Ẹnu Géètì

Ẹ̀yìnkùlé, lẹ́bàá kànga, ni ìyá mi àgbà máa ń so àgbò Iléyá wọn mọ́. Ẹni tí kò bá wọlé wa kò lè mọ̀ pé wọ́n ra ẹran. Tí a bá ti yídì dé, tí wọ́n pa á tán, wọn ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dáná títí n ó fi gbé ìpín àwọn aládùúgbò lọ. Odindi itan kan, ti ìyá opó kan ní òpin àdúgbò ni, ọmọ ìjọ Àgùdà. "Ẹ̀yìn ilé ni kó o gbà. Má dúró gbọpẹ́."

Mo dàgbà tán kí n tó rí irú kejì. Ọ̀gá kan tí mo bá ṣiṣẹ́ ra àgbò méjì, ó so wọ́n mọ́ ẹnu géètì, ó ní kí wọ́n wá ya òun àti àwọn àgbò náà ní fọ́tò. Ó yẹ ojú wọn wò, ó yẹ ẹsẹ̀ wọn wò, torí àgbò tó fọ́jú tàbí tó ń tiro kò ṣe é pa. Owó oṣù méjì àwa ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta wà lọ́rùn rẹ̀; ó ní ká ní sùúrù di ẹ̀yìn ọdún. Àwa náà la di ẹsẹ̀ àgbò mú fún un. Inú fírísà ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹran náà wọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí dòní.

Ta ló fi dandan mú un? Súnnà tó lágbára ni ẹran Iléyá nínú ìlànà Máliki tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí wa ń tẹ̀ lé, fún ẹni tí apá rẹ̀ bá ká a. Ẹni tí kò ní kò dẹ́ṣẹ̀. Kùránì, nínú Súúrà Al-Hajj, ẹsẹ 37, ti là á yé wa pé kì í ṣe ẹran ni Ọlọ́run ń gbà lọ́wọ́ wa, ọkàn tó ń páyà Rẹ̀ ni. Owó alágbàṣe ńkọ́, tí Ànábì ní ká tètè san?

Àwọn kan ní ká kúkú pa ààtò tì, ká máa fi ọkàn nìkan sìn. Mi ò gbà. Bí kò bá sí àgbò, kí ni ìyá àgbà ì bá fi kọ́ mi pé ẹ̀tọ́ ẹlòmíì wà nínú ohun tí mo ní? Àwọn àgbà kì í béèrè ẹ̀sìn ẹni kí wọ́n tó pè é ní ọmọlúàbí. Bó ṣe ń san gbèsè ni wọ́n ń wò, àti ohun tó ń ṣe níbi tí ojú kò sí.

Inú ilé ìyá opó yẹn máa ń ṣókùnkùn díẹ̀. N ó gbé abọ́ kalẹ̀ sórí àpótí, n ó yí padà. Ẹran náà kò ní tíì tutù lábẹ́ ewé. A ò sì tíì dáná nílé wa.