Àṣírí Ta Ni?

Láàárín àwa Yorùbá, àdúrà ńlá ni pé kí àṣírí ẹni má tú. Àdúrà náà dára, n kò sì bá a jà. Ìbéèrè mi ni pé, bí ọkùnrin kan bá kó àtọ̀sí, tí ó sì fi í pamọ́ fún aya rẹ̀, ǹjẹ́ àṣírí ara rẹ̀ nìkan ni ó ń bò?

Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni ó mọ àmì àrùn yìí: ìtọ̀ a máa ta wọ́n bí ata, ọyún a sì máa jáde. Ohun tí púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀ ni pé àmì náà lè dáwọ́ dúró nígbà tí àrùn ṣì wà lára, àti pé ọ̀pọ̀ obìnrin tí ó ní in kì í rí àmì kankan rárá. Nítorí náà ni ọkùnrin fi ń yọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù olóògùn ní ìrọ̀lẹ́, tí ó ń ra hóró oògùn mélòó kan láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni yẹ òun wò. Bí ìrora bá ti dín, ó parí nìyẹn lójú tirẹ̀. Ní 1943 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í fi pẹnisílíìnì wo àtọ̀sí, ó sì ń sàn kíákíá. Lónìí kòkòrò náà ti le ju oògùn yẹn lọ, ìlòkulò oògùn sì wà lára ohun tí ó fà á.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo inú ilé. Àrùn tí ọkọ kó wálé lè dí ọ̀nà tí ẹyin ń gbà dé ilé ọmọ. Ọdún ń gorí ọdún, obìnrin kò lóyún. Àwọn àna a pè é ní àgàn, ọkọ a gbé ìyàwó mìíràn wọlé, a sì kó àrùn náà ràn án. Bí èyí bá bímọ, àrùn lè wọ ojú ìkókó nígbà ìbí, ojú náà sì lè fọ́ bí a kò bá tètè tọ́jú rẹ̀. Ohun tí ó ti wà nínú ara ẹlòmíràn, báwo ni ó ṣe tún jẹ́ àṣírí tìrẹ?

A óò ní ìtìjú ni. Mo gbà pé nọ́ọ̀sì tí ń kígbe orúkọ àrùn létí èrò ní ẹ̀bi tirẹ̀. Síbẹ̀, nídìí ọtí, àwọn kan a máa fi àtọ̀sí yangàn láàárín ẹgbẹ́ wọn. Níwájú aya nìkan ni ojú ń tì wọ́n.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọmọkùnrin tí a bá nà nítorí pé ó béèrè ohun tí àtọ̀sí jẹ́, ọ̀dọ̀ olóògùn ni yóò ti lọ béèrè. Ẹ sọ fún un pé kí a yẹ ẹni wò, kí a lo oògùn pé, kí a sì mú ẹnì kejì dání lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí bí a bá wo ọ̀kan tí a fi èkejì sílẹ̀, ẹni tí ó sàn lè tún un kó.