Ṣé Gbogbo Àṣírí Ni Awo?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ó ká mi lára.

Lóṣù díẹ̀ sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pè mí láti inú mọ́tò, níbi tí gosiló ti dá a dúró lórí I-285, níbí ní Atlanta. Ó ní òun ní obìnrin kan níta, ó ti tó ọdún kan. Kí n tó mí kanlẹ̀, ó ní: "Ìwọ náà mọ̀ pé awo ni o. Olórìṣà kì í tú awo."

Ìyàwó rẹ̀ ń kọ́? Ọwọ́ mi ló ti gba ìlẹ̀kẹ̀. "Ọkọ mi" ló máa ń pè mí, torí nínú agbo ilé Yorùbá, gbogbo ọmọ tí a bí sínú ilé, ọkùnrin àti obìnrin, ọkọ ìyàwó ni. Àbúrò ni mo jẹ́ fún ọkùnrin yìí; ọkọ àti ìyálórìṣà ni mo jẹ́ fún ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀yìn ta ni kí n wà?

Ọ̀rọ̀ "awo" tó fẹ́ fi dè mí lẹ́nu ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Awo ni ìmọ̀ tí a tọ́jú títí ẹni tó fẹ́ gbà á yóò fi múra tán. Ọ̀gbẹ̀rì tí kò mọ̀ ọ́n kò pàdánù ohun tó jẹ́ tirẹ̀. Àṣírí yàtọ̀ sí i: ìtìjú ẹni ni, aṣọ la fi ń bò ó. Ṣebí àwa náà ń gbàdúrà pé kí Olódùmarè bò wá láṣìírí. Ẹ̀tàn wá ni ẹ̀kẹta. Nínú ẹ̀tàn, ẹni tí a ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún gan-an ló ni ọ̀rọ̀ náà. Ilé rẹ̀ ni, ara rẹ̀ ni.

Mo dárúkọ ara nítorí ìwé kan tó jáde ní 2009, The Secret, tí Jennifer Hirsch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ. Orílẹ̀-èdè 5 ni wọ́n ti ṣèwádìí: Mexico, Papua New Guinea, Vietnam, Uganda àti Nàìjíríà, nílẹ̀ Igbo. Wọ́n rí i pé ará àdúgbò máa ń mọ̀ pé ọkọ ń jáde, wọ́n á sì bá a bò ó kí orúkọ má baà bàjẹ́. Lábẹ́ ìbòrí yẹn ni kòkòrò HIV ti ń bá ìyàwó nínú ilé ọkọ rẹ̀. Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ṣebí àwọn bàbá wa fẹ́ ju ìyàwó kan lọ. Òótọ́ ni. Ní Òyótúnjí pàápàá, abúlé tí Ọba Adéfúnmi Kìíní dá sílẹ̀ ní South Carolina ní 1970, wọ́n gbà á láàyè. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ni ìyàwó kejì ń gbà wọlé: ẹbí lọ tọrọ rẹ̀, wọ́n san ìdána, ìyálé mọ orúkọ rẹ̀. Ẹni tí a ń yọ́ pè nínú mọ́tò, àlè ni. Bó bá sì jẹ́ ìyàwó ló ṣe é ńkọ́, ta ni ìbá ní kí n bò ó? Ẹ̀yin tó wo Thunderbolt: Magun, fíìmù tí Tunde Kelani ṣe ní 2001, ẹ mọ ara ẹni tí wọ́n ń dẹ magùn sí.

Àwọn ará wa ní Cuba ní ìtàn kan nípa ilé Ọbàtálá. Oríṣiríṣi ọ̀nà ni wọ́n ń gbà sọ ọ́. Nínú èyí tí mo mọ̀, Ògún ń ṣe ohun tí kò yẹ nígbà tí bàbá bá jáde. Ó fún Ọ̀sùn, olùṣọ́ ilé, lóúnjẹ. Ọ̀sùn yó, ó sùn lọ. Ẹlẹ́gbára, ọmọdé ilé, ló sọ fún bàbá. Mo bi ara mi pé: oúnjẹ wo ni wọ́n fi ń pa èmi lẹ́nu mọ́? Ìfẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ni, àti ìbẹ̀rù pé ẹbí á ní mo tú ilé ká.

Àwọn Ogbóni ní ọ̀rọ̀ kan: "Ogbóni méjì, ó di ẹ̀ta." Ọ̀pọ̀ ló gbà pé Ilẹ̀ ni ẹ̀kẹta. Kò sí àdéhùn tó jẹ́ ti ẹni méjì nìkan.

Mo pè é padà. Mo ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ẹnu tó dá ọ̀rọ̀ ló yẹ kó sọ ọ́, mi ò ní gbà á sọ fún yín. Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún ìyàwó yín. Ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí ẹ ò sọ, màá ní kí òun náà lọ yẹ tirẹ̀ wò." Ó pa fóònù mọ́ mi létí.

Ní ọjọ́ kejìlá, ó sọ. Ìyàwó rẹ̀ wá bá mi. Ó ní: "Ṣé ẹ mọ̀?" Mo ní mo mọ̀, ó ti tó ọjọ́ mẹ́wàá ó lé. Kò pariwo, kò sunkún. Ó dìde, ó lọ. Ó ti ń wá síbi ọ̀sẹ̀ òrìṣà padà báyìí, ṣùgbọ́n kò tíì pè mí ní "ọkọ mi" mọ́.

Mi ò rò pé mo ṣìṣe. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́wàá yẹn, tirẹ̀ ni, èmi ni mo mú un lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ bá wọn pa ọ̀rọ̀ mọ́, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ẹni tó ni ín.

Ire o.